Ọwọ́ Tó Ń Bo Eyín

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Eyín mi ló fà á. Èyí tó yẹ kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ gun orí èkejì, òmíràn sì yọ sókè lábẹ́ ètè bí ẹni tó pẹ́ dé ìpàdé tí kò rí àga jókòó. Ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ ní Nasarawa Gwong, ní Jọ́ọ̀sì níbí, àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń kà wọ́n fún mi lédè Haúsá, "ɗaya, biyu, uku," wọ́n á ní àwọn kò rí ibi tí ìkẹrin wọlé sí. Bí mo ṣe kọ́ láti máa gbé ọwọ́ sókè kí ẹ̀rín tó dé nìyẹn. Lónìí, olùkọ́ ni mí, mo ní ọkọ, mo bímọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò tíì gbọ́ pé ogun ti parí.

Nígbà tí ọmọbìnrin mi pé ọdún mẹ́wàá, a ya fọ́tò ọjọ́ ìbí rẹ̀ níwájú ilé wa ní Dadin Kowa. Oníyàwòrán ní kó rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì lọ sókè, ó bo ẹnu. Bí mo ṣe ń wo fọ́tò yẹn lórí fóònù, inú mi bàjẹ́ débi pé mi ò lè jẹ kéèkì. Mo búra pé ọmọ mi kò ní jogún ìtìjú yìí lọ́wọ́ mi. Lọ́sẹ̀ kejì, a ti ń múra àtilọ rí dókítà eyín.

Kí a tó jáde nílé, ìyá ọkọ mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, pè mí sí yàrá rẹ̀. Èjí ńlá kan wà láàárín eyín iwájú màmá. Èjí kan náà ló wà lẹ́nu ọmọ mi, láàárín gbogbo rúdurùdu yòókù. Màmá jókòó ṣinṣin bí ẹni tó fẹ́ pín ogún.

"Ìyàwó, ẹ tún eyín ọmọ yìí ṣe, mi ò kọ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n èjí ẹnu rẹ̀, tiwa ni. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá. Kí dókítà má fọwọ́ kàn án."

"Mo ti gbọ́, mà."

Dókítà náà, ọ̀dọ́bìnrin kan tó wá láti ìlú Du nítòsí wa, yẹ ẹnu ọmọ wò, ó ní wáyà ni òun yóò fi tò wọ́n, yóò sì gbà tó ọdún méjì. Mo jẹ́ iṣẹ́ màmá fún un. Ojú tì mí díẹ̀, nítorí ta ló ń pe bíríkìlà pé kó tún ògiri kọ́, kó sì fi ihò àárín rẹ̀ sílẹ̀? Dókítà kò fi mí ṣẹ̀sín. "Wushirya?" ó ní, ó fi ìka kan eyín iwájú tirẹ̀, níbi tí àlàfo kékeré kan wà. "Ai, Madam, ba za mu rufe ba." Ó ní àwọn kò ní dí i, ó sì kọ ọ́ sínú fáìlì pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ohun tí gbogbo ẹ̀yà ìlú yìí fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí kò pọ̀ mọ́. Mo dúpẹ́ pé èjí ṣì wà lára wọn.

Wáyà wọ ẹnu tán, ọ̀rọ̀ wá bẹ̀rẹ̀. Àbúrò bàbá ọkọ mi kọ ọ́ sórí Wásáàpù ẹbí pé ìjánu ni òun mọ irú irin bẹ́ẹ̀ sí, ṣé ẹ̀yin ará Jọ́ọ̀sì ti ń gun ọmọ bí ẹṣin ni? Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọ lẹ́tà sí mi pé àwọn kò gba ohun ọ̀ṣọ́ láàyè, kí ọmọ yọ ọ́ kó tó wá lọ́jọ́ Ajé, nítorí àwọn ọmọge kan ń ra wáyà ayédèrú lọ́jà, wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ eyín ṣe fáàrí. Mo fèsì pé bí wọ́n bá lè yọ ọ́, kí wọ́n yọ ọ́. Ní ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kìíní gbàdúrà pé kí Ọlọ́run gba ọmọ náà lọ́wọ́ irin. Nígbà tí ẹnì kan sọ fún wọn pé àwọn ọmọ olówó ló ń lò ó, àdúrà dáwọ́ dúró, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí níbi tí dókítà wà. Kí oṣù tó parí, alága ẹgbẹ́ ti ń sọ káàkiri pé eyín ọmọ tirẹ̀ náà wọ́. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé eyín ọmọ yẹn tò ju ti dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì lọ.

Kí n má parọ́, èmi gan-an ló burú jù. Bí àlejò bá dé, kó tó mu omi tán, màá ti pe ọmọ: "Wá, la ẹnu, kí wọ́n rí i." Ọmọ á la ẹnu bí àgbò tí wọ́n ń ná lọ́jà. Mi ò bi í rí bóyá ó wù ú.

Màmá ní tirẹ̀ gbé iṣẹ́ wáyà karí. Dókítà ti ka ohun líle léèwọ̀: kúlíkúlí, kílíṣí, àgbàdo sísun, egungun. Ní Jọ́ọ̀sì, bí èèyàn bá yẹra fún ìwọ̀nyí, afẹ́fẹ́ ló kù tó lè jẹ. Màmá gbé odó jáde, ó ń gún kílíṣí kúnná fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ń bù ú sórí pọ̀tétò sísè. Ní àárọ̀ ọyẹ́, nígbà tí irin bá tutù bíi yìnyín sí ọmọ lẹ́nu, á fi ìborùn rẹ̀ wé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kó tó lọ sílé ẹ̀kọ́. Ó tilẹ̀ gbà kí ọmọ pa orín tì, kó máa fi búrọ́ṣì tín-ín-rín kan fọ abẹ́ wáyà, bó tilẹ̀ dá a lójú pé orín ló jẹ́ kí eyín kù lẹ́nu òun. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wáyà já, ẹ̀bi màmá kọ́. Èmi ni mo ra àgbàdo sísun fún ọmọ lójú ọ̀nà, mo ní ẹyọ kan kò lè ṣe nǹkan kan. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ dókítà, mo ní ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti fún un. Ọmọ wò mí.

Wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọdún méjì pé, dókítà yọ wáyà. Eyín ọmọ mi tò rẹ́rẹ́, èjí màmá sì wà láàárín wọn gẹ́gẹ́ bí a ṣe bẹ̀bẹ̀. Mo sunkún níbẹ̀. Dókítà wá fún wa ní ike méjì, tẹ́ẹ́rẹ́, tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, ọ̀kan fún eyín òkè, ọ̀kan fún ti ìsàlẹ̀. Ó ní eyín kì í gbàgbé ilé rẹ̀ àtijọ́. Bí ike yìí kò bá dì wọ́n mú, wọn yóò padà síbi tí wọ́n ti wá. Kí ọmọ máa wọ̀ ọ́ nígbà gbogbo, àfi bó bá ń jẹun. Kó má fi tíṣù wé e, kí wọ́n má baà kó o dà nù. Omi tútù ni kó máa fi fọ̀ ọ́, kó má jẹ́ kí omi gbígbóná kàn án.

Mo ti sọ pé olùkọ́ ni mí. Mo tẹ òfin mọ́kànlá lórí kọ̀ǹpútà, lédè Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì. Lẹ́tà pupa ni mo fi kọ òfin keje, ti omi gbígbóná. Màmá ló ń fọ nǹkan jù nínú ilé wa, màmá kò sì ka Gẹ̀ẹ́sì. Kò sẹ́ni tó kà á fún un. Èmi tí mo kọ ọ́ kò rò ó, nítorí bí ìwé náà ṣe lẹ́wà tó ni mo ń rò.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo ti ọjà dé, mo rí i pé ike òkè kò sí lẹ́nu ọmọ.

"Ike rẹ dà?"

"Ya ɓace, Mọ́mì," ó ní. "Mi ò rí i mọ́."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo la tèmi. Mo rán an létí ọdún méjì, mo ka òfin fún un láti ìkíní dé ìkọkànlá, mo ní aláìmoore ni. Mo ní bó bá fẹ́ kí eyín rẹ̀ rí bíi tèmi, kó máa bá a lọ. Mo ní kó rẹ́rìn-ín kí n wò ó bóyá wọ́n ti ń yẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó fi bo ẹnu, ó ń wò mí láti òkè ìka.

Láti ọjọ́ fọ́tò yẹn, ọwọ́ yìí ni mo ti ń bá jà, èmi náà ni mo sì tún gbé e lé e lẹ́nu.

Màmá jáde láti ilé ìdáná. Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí mi, ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ká kò bí èèpo ọsàn tó gbẹ.

"Fi ọmọ sílẹ̀," ó ní. "Èmi ni mo sè é. Mo rí i tó ń fi omi tútù lásán ṣan ohun tó ń kì sẹ́nu, mo ní kòkòrò ibẹ̀ kò ní kú. Bí mo ṣe ń se ìgò oúnjẹ bàbá rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ ni mo ṣe sè é. Ọmọ ló ní òun á sọ pé ó sọnù, kí o má baà bínú sí mi."

"Ẹ má bínú, mà. Èmi ni mi ò kà á fún yín."

"Ìyẹn kọ́ ni mo ń sọ." Ó gbé ike náà sórí tábìlì. "O ní eyín ló kọ́ ọmọ yìí láti máa bo ẹnu. Eyín mẹ́fà ló ti kúrò lẹ́nu èmi. Ṣé o ti rí mi rí tí mo bo ẹnu? Ta ni ọmọ yìí ń wò dàgbà?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an, nítorí òótọ́ ni.

Lọ́jọ́ Ajé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sọ́dọ̀ dókítà. Màmá ní òun fúnra òun ni òun máa jẹ́wọ́. Dókítà gba ike náà, ó yí i síwá-sẹ́yìn, ó ní òun ti rí èyí tí ajá jẹ, òun ti rí èyí tí wọ́n kó dà nù mọ́ egungun, ṣùgbọ́n òun kò tíì rí èyí tí wọ́n sè jinná. Ó wá yíjú sí màmá, ó bi í níbi tí ọbẹ̀ rẹ̀ wà: "To, Mama, ina miyar?" Màmá, tí Haúsá rẹ̀ yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju tèmi lọ, bú sẹ́rìn-ín, èjí rẹ̀ hàn kedere. Ọmọ mi náà bú sẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀.

Ẹ̀rín náà gbé èmi náà. Ọwọ́ mi ti ń lọ sókè, kò gba àṣẹ lọ́wọ́ mi, kò gbà á rí. Kó tó dé ẹnu, ọmọ mi gbá a mú ní ọrùn ọwọ́, ó fà á wálẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ itan mi. Eyín mi wà níta níwájú dókítà eyín, bí wọ́n ṣe gun ara wọn, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Mo gbìyànjú láti gba ọwọ́ mi padà. Ó tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò tilẹ̀ wo ojú mi.

"A'a, Mọ́mì," ó ní. "Jẹ́ kó wà níbẹ̀."