Òkúta Olójú Etí Odò

Ọmọ kékeré tó ṣì ń bá àwọn àbúrò rẹ̀ du orí ẹní ni mí nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ ní Ifọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí bí Sátidé ṣe máa ń rí nígbà yẹn. A ó gbálẹ̀, a ó ha ìdí ìkòkò tí èéfín ti sọ di dúdú, a ó mu kókó gbígbóná pẹ̀lú àkàrà, ká tó gbé báàfù aṣọ rù lọ sí odò tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa.

Àǹtí Sikírá, àbúrò bàbá mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, ló máa ń kó wa lọ. Ọwọ́ rẹ̀ le. Bí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì kò bá mọ́, etí ẹni ló máa fà, á ní, "Ẹni tó fọṣọ tí kò mọ́, omi ló fi ṣòfò." Àmọ́ tá a bá ti sá aṣọ sórí koríko tán, á bu ẹ̀pà yíyan fún wa, á sì jẹ́ ká máa fọ́nmi síra wa lára títí aṣọ á fi gbẹ.

Lọ́dún kan, òjò rọ̀ gan-an. Odò kún, ó pọ́n, ó sì ń hó. Àǹtí Sikírá kìlọ̀ pé ká má kúrò létí. Mo ń ṣan ìborùn ìyá mi lọ́wọ́ nígbà tí omi já a gbà. Ìborùn tuntun ni, mo sì mọ ohun tójú mi máa rí nílé, ni mo bá tẹ̀ lé e. Ká tó wí ká tó fọ̀, ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀ mọ́. Omi wọ imú mi, ó wọ ẹnu mi, ó ń gbé mi lọ. Àfi bí ọwọ́ mi ṣe kan nǹkan líle lára bèbè. Ìka mi wọ inú ihò kan, mo bá rọ̀ mọ́ ibẹ̀, mo figbe ta. Àǹtí Sikírá kò mọ odò wẹ̀, síbẹ̀ ó wọ odò náà títí tí omi fi mù ún dé ọrùn, ó sì fà mí jáde.

Ìgbà tí mo pọ omi tán la tó wo ohun tí mo dì mú. Omi ti ya bèbè lọ, òkúta kan sì yọ síta níbẹ̀, tí ẹnì kan ti gbẹ́ ojú, imú àti ẹnu sí lára. Ìlà tín-ín-rín wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ihò ojú rẹ̀ ni mo ki ìka bọ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Kò sí àgbàlagbà kankan tó mọ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Àwọn kan ní ẹni tó ni odò ló jáde wá mú mi, pé ọmọ rẹ̀ ni mí, ká lọ wá ẹran tá a máa fi bọ ọ́. Àwọn ọ̀dọ́ kan, ti mọ́ṣáláṣí àti ti ṣọ́ọ̀ṣì, ní àwọn máa fi òòlù fọ́ ọ. Ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ló dùn mí jù. Ọmọ Òkúta ni wọ́n ń pè mí, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ jókòó tì mí ní ilé kéwú mọ́.

Nígbà tí àwọn olóòlù dé etí odò, ìyá mi ti dúró síwájú òkúta náà.

"Kí ló ṣe yín?" ló bi wọ́n. "Tí kò bá sí níbẹ̀ ni, òkú ọmọ mi là bá máa wá kiri."

Alfa wa, bàbá arúgbó tó ń kọ́ wa ní kéwú, tẹ̀ lé wọn débẹ̀. Ó pè mí sọ́dọ̀.

"Nígbà tí omi gbé ọ, ta lo ké pè?"

"Àǹtí Sikírá ni, Alfa."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Alfa náà rẹ́rìn-ín, ó wá yíjú sí wọn.

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan? Kò pe òkúta. Ọlọ́run ló gbà á là. Ó fi òkúta dá a dúró, ó sì rán Sikírá sí i. Ẹ má bọ òkúta yìí, ẹ má sì fọ́ ọ. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ti lọ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe wá lóore."

Wọ́n gbé òòlù wọn padà sílé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Alfa mú mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ilé kéwú, ó gbé búrẹ́dì lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n pín in. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ gbọ́dọ̀ wá gbà á lọ́wọ́ mi. Kí búrẹ́dì náà tó tán, a ti ń ti ara wa níbi tá a ti ń du èérún, kò sì sẹ́ni tó pè mí lórúkọ yẹn mọ́.

Ìbafò ni mò ń gbé báyìí. Àwọn ọmọ mi kò fọṣọ lódò rí, mi ò sì ní kí wọ́n lọ fọ̀ ọ́. Omi ẹ̀rọ dára ju omi odò lọ. Ṣùgbọ́n ògiri ti pọ̀ jù láàárín wa. Ọmọ ilé kejì lè ṣàìsàn títí ara rẹ̀ á fi yá kí n tó gbọ́. Nígbà tèmi, ẹni tó fẹ́ bọ òkúta àti ẹni tó fẹ́ fọ́ ọ, gbogbo wọn ló jáde wá sí etí odò nítorí ọmọ kan.

Yanrìn ti bo òkúta náà. Alfa ti dolóògbé, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Àǹtí Sikírá ṣì wà ní Ifọ̀, kò ríran dáadáa mọ́. Tí mo bá kúnlẹ̀ kí i, á fọwọ́ kàn mí lórí, á ní, "Dìde, ó ti tó."

Mi ò kì í tètè dìde.