Ekuru ni, kì í ṣe èkuru

Èmi tí mo máa ń sín gbogbo yín jẹ, wọ́n pa mí lẹ́nu mọ́ lónìí!

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìràwọ̀ níwájú àwọn olùkọ́ rẹ̀ lọ́la ní yunifásítì, l'Ákùúrẹ́. Ẹ̀rù ń bà á, ló bá ń fi èmi àti Màámi dánra wò.

"Ekuru àti gáàsì ló yí ìràwọ̀ tuntun ká bí àwo pẹrẹsẹ."

Mo fi ohùn rẹ̀ gan-an dáhùn: "Èkuru nínú àwo! Ata dà?"

Màámi rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Mo rò pé mo ti bà á jẹ́.

Ló bá kọjú sí mi:

"Gáàsì yẹn ń já bọ́ sórí ìràwọ̀, ó ń gbóná, ó ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ò lè rí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀, tó wà lójú ọ̀run lókè lọ́hùn-ún, ló ń bá wa rí i. Ekuru tó bá ṣẹ́kù á dì pọ̀, á di ayé. Ilẹ̀ Oǹdó tó o jókòó lé yìí, ekuru ni nígbà kan, ìwọ ọ̀bọ yìí!"

Kò tiẹ̀ wo ìwé lẹ́ẹ̀kan.

Mo fẹ́ sín in jẹ. Ohùn ò jáde.

Màámi ní kí n gbálẹ̀. Mo di ìgbálẹ̀ mú, mo kàn ń wo ekuru.

Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ máa gbá a?