Òṣùká Lẹ́nu Ọ̀nà Ẹ̀yìnkùlé

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ọrùn mi ò tíì gbà ju kèrègbè omi kan lọ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ agbo ilé wa kò ní ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹ ó rántí irú rẹ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ká a yí po, òpó igi méjì dúró lẹ́nu ọ̀nà, àwọn eṣinṣin sì ń kọrin nínú rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọmọ ọmọ mi, Tèmítọ́pẹ́, tó ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí sórí fóònù, ti ń yínmú. Kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Èmi ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo rí.

Agbègbè Òkè-Ògùn ni ìlú wa wà. Kí ojú ọjọ́ tó là dáadáa, àwa ọmọbìnrin ti wà lọ́nà odò, òṣùká lórí, kèrègbè lórí òṣùká. Tí a bá dé, a ó gbálẹ̀, a ó fọ ìkòkò, kí wọ́n tó gbé ẹ̀kọ gbígbóná fún wa pẹ̀lú èkuru tí wọ́n ti fi ata díndín pò. Òórùn ewé ẹ̀kọ yẹn ṣì máa ń bá mi lójú oorun ní Padova, ní ilẹ̀ Ítálì níbí, kọfí ọmọ mi á wá jí mi. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tẹ́ńtẹ́n ni. A ó pàtẹ́wọ́, a ó fò, a ó na ẹsẹ̀ síwájú, títí ẹnìkan á fi bínú tàbí tí ẹnìkan á fi sunkún.

Nítorí pé ilẹ̀kùn ò sí, òṣùká ni ilẹ̀kùn wa. Bí o bá fẹ́ wọlé, wàá fi òṣùká rẹ kọ́ sórí òpó. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ, tó rí òṣùká, á dúró lókèèrè, á kẹ́yìn síbẹ̀, á ní, "Àgò o!" Ìwọ náà á dáhùn láti inú pé, "Ó ku díẹ̀!" Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan òṣùká ẹlòmíràn lórí òpó yẹn. Bí o bá ṣí i kúrò, bí ẹni pé o ja aṣọ lára onítọ̀hún ni.

Ọmọ kan wà nínú agbo ilé wa, ẹgbẹ́ mi ni. Àkànní ni oríkì tí wọ́n fún un níjọ́ ìkómọjáde, torí ọmọkùnrin ni wọ́n rí. Ṣùgbọ́n àtìgbà tó ti mọ ẹsẹ̀ rìn ni ó ti ń tẹ̀lé àwa obìnrin lọ sódò. Bí wọ́n bá wọ̀ ọ́ ní ṣòkòtò, á bọ́ ọ sílẹ̀, á lọ ró ìró ìyá rẹ̀. Wọ́n nà án, kò yí padà. Wọ́n fi í ṣẹ̀sín, kò yí padà. Nígbà tó yá, àwa ọmọdé ń pè é ní Àkànkẹ́, bí wọ́n ṣe ń ki obìnrin. Ó mọ́ àwọn àgbà náà lẹ́nu, wọn ò mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ló di wàhálà. Ti àwọn ọkùnrin wà lẹ́yìn àká, àwọn ọmọkùnrin sì máa ń sọ ọ́ lókò níbẹ̀. Tó bá wá sí tiwa, àwọn ìyàwó ilé á pariwo. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà lọ bá ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà. Ẹ̀gúsí ni wọ́n ń bó lọ́wọ́, wọn ò tilẹ̀ gbójú sókè.

Wọ́n ní, "Ẹni mélòó ló ń wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan?"

"Ẹnìkan ni, Ìyá."

"Ṣé ọmọ náà máa ń fi òṣùká kọ́?"

"Ó máa ń fi kọ́, Ìyá. Ẹ̀rù àwọn ọmọbìnrin wa ló ń bà wá."

"Torí àwọn ọmọbìnrin yín ni òṣùká ṣe wà. Ẹni tó bá gbé ojú burúkú débẹ̀, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, ẹ mú un wá fún mi. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ kì í bi èèyàn ní oríkì kó tó gbọ̀n ọ́n."

Bí wọ́n ṣe parí ẹjọ́ nìyẹn. Ara tu Àkànkẹ́, ara tu gbogbo wa. Èmi ni mo wá ba nǹkan jẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó nà mí ní tẹ́ńtẹ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, ó sì tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn ẹgbẹ́ wa. Mo bínú, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Mo rí òṣùká rẹ̀ lórí òpó, àkísà àdìrẹ ìyá rẹ̀ tí wọ́n ká bí ejò. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo yọ ọ́, mo fi há abẹ́ ìró mi. Mo kàn fẹ́ rẹ́rìn-ín ni. Kò pẹ́ tí ìyàwó ilé kan dé, kò rí òṣùká, ló bá wọlé. Igbe tó ké! Gbogbo agbo ilé dà síbẹ̀, ẹlòmíràn mú ìgbakọ dání. Àwọn ọmọkùnrin fi orúkọ Àkànkẹ́ kọrin èébú. Àkànkẹ́ fún ìró rẹ̀ mọ́ ìdí, ó gba àárín wọn kọjá. Òṣùká wà lábẹ́ aṣọ mi, ó ń jó mi bí ẹyin iná.

Láti ọjọ́ náà ni Àkànkẹ́ ò ti mu omi mọ́. Á jẹ èkuru aláta tán, a ó na igbá omi sí i, á ní, "Òùngbẹ ò gbẹ mí." Èmi nìkan ló mọ̀ pé irọ́ ni. Kò fẹ́ kí ìtọ̀ gbọ̀n òun ni. Á mú un mọ́ra títí ilẹ̀ á fi ṣú, kó tó sá lọ sínú igbó. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ṣubú lọ́nà odò, kèrègbè rẹ̀ fọ́ yángáyángá. Ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Wọ́n gbé e wálé, Ìyá Àgbà ń fi ìka ta omi ẹ̀kọ sí i lẹ́nu. Mi ò lè fi í pamọ́ mọ́. Mo mú òṣùká náà wá, mo kúnlẹ̀.

Mo rò pé pàṣán ni. Ìyá Àgbà wò mí títí, wọ́n ní, "Ìwọ lo gba ilẹ̀kùn lọ́wọ́ ọmọnìkejì rẹ. Ìwọ náà ni wàá jẹ́ ilẹ̀kùn."

Ìyà tí mo jẹ nìyí: títí oṣù tuntun fi lé, tí mo bá ti ti odò dé, ìdí òpó yẹn ni ibùjókòó mi. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, èmi ni màá kẹ́yìn, màá ká ọwọ́, màá máa pariwo, "Ó ku díẹ̀!" Oòrùn pa mí, eṣinṣin jẹun lára mi. Àwọn ẹgbẹ́ mi a máa gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n á ní, "Ilẹ̀kùn, ẹ kú ìdúró o!" Nígbà tí ara Àkànkẹ́ yá, òun náà wá. Ó dúró níwájú mi, kò wọlé. Mo kẹ́yìn sí i, mo dúró gbọn-in. Ó wọlé, ó jáde. Ó ṣẹ́ ìpékeré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí méjì, ó fún mi ní ìdajì. Ṣùgbọ́n mi ò ní kó dárí jì mí. Ọdún yẹn náà ni wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ àǹtí mi, mi ò sì fojú kàn án mọ́. Mo gbọ́ pé ó dàgbà, pé ó ń dirun ní Ṣakí, pé ó ti dolóògbé. Ọ̀rọ̀ tí mi ò sọ yẹn há mi lọ́fun bí egungun ẹja.

Ẹ jẹ́ kí n fò ó dé ìgbà ogbó. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú àwọn èèyàn yìí, Torino ni mo wà. Lọ́jọ́ kan, mo wọ ilé kọfí kan, mo ra kọfí, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lo bagno, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn. Wọ́n ní ó ti bàjẹ́. Mo ṣì ń mu kọfí náà lọ́wọ́ tí obìnrin wọn kan wọ inú bagno yẹn tó sì jáde, tó ń fi ìwé nu ọwọ́ tó tutù. Mo di ara mi mú títí dé ilé. Ẹni tó bá kéré níye láàárín ọ̀pọ̀, ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ti ń kọ́kọ́ mọ̀ pé wọn ò ka òun mọ́ ara wọn.

Ọ̀rẹ́ Tèmítọ́pẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Chiara. Ilé ìwé kan náà ni wọ́n lọ. Ọmọkùnrin ni wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin ló ń gbé ayé. Nílé ìwé, odindi ọdún kan ni àwọn òbí fi ṣe ìpàdé lórí bagno tó yẹ kó wọ̀. Bí mo bá tan tẹlifíṣọ̀n, ohun kan náà ni àwọn alákòóso wé táì sọ́rùn tí wọ́n ń bá ara wọn pariwo lé lórí. Mo ní, ṣé ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ló ń mú àgbàlagbà làágùn báyìí?

Nígbà tí wọ́n jáde ilé ìwé, a ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, inú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan lẹ́yìn ìgboro Padova. Chiara bá wa wá. Lẹ́yìn ìsìn, a gbé ìrẹsì fún un, ata rẹ̀ mú un, ojú rẹ̀ pọ́n, omi ń dà nímú rẹ̀. Mo na omi sí i.

Ó ní, "No, grazie, nonna. Sto bene." Ìyẹn ni pé, rárá, ẹ ṣé, màmá àgbà, kò sóhun tó ṣe mí.

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí, ní èdè mìíràn. Mo bi Tèmítọ́pẹ́ létí, ó ní òótọ́ ni, pé Chiara kì í mu omi níta, pé látàárọ̀ ló ti ń mú un mọ́ra. Mo fa ọmọ náà lọ́wọ́, ó di ẹ̀yìn.

Bagno obìnrin jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ẹnìkan ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. A bá Ìyá Ṣadé lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ìdirun lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin. Ó na ọwọ́ dí wa lọ́nà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Wọ́n ní ọkùnrin ni. Àwọn ọmọ wa obìnrin ń wọ ibí."

Mo ní, "Ìyá Ṣadé, ta ló di irun tó wà lórí ọmọ yìí?"

Ó wolẹ̀. "Èmi ni, mà."

"Wákàtí mélòó?"

"Mẹ́fà, mà."

"Wákàtí mẹ́fà tí orí rẹ̀ fi wà láàárín orúnkún rẹ, o ò sá. Ìgbà tí ìtọ̀ dé lo wá ń sá!"

Àwọn obìnrin tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò kúrò lọ́nà. Ó ní, "Màmá, ẹ̀rù ọmọ mi ló ń bà mí, mi ò purọ́." Mi ò bá a wí, torí ohun tí àwọn ìyàwó ilé wa sọ nìyẹn. Mo tú gèlé orí mi, mo fi kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn.

"Màmá! Ẹ ṣí orí sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì!"

"Ọlọ́run ti rí ewú mi tẹ́lẹ̀. Bí gèlé bá ti wà níbí, ẹnìkan ló wà nínú. Ẹnikẹ́ni ò ní bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, kẹ́yìn, kí o máa ṣọ́nà. Kò sí ewu fún ọmọ rẹ, kò sí ewu fún ti ẹlòmíràn."

Chiara wọlé. Mo kẹ́yìn, mo ká ọwọ́, bí mo ti ṣe ní Òkè-Ògùn. Mo ń sọ nínú mi pé, Àkànkẹ́, dárí jì mí, èmi ni mo mú òṣùká rẹ. Bí obìnrin kan ṣe sáré dé nìyẹn, ó fẹ́ di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Kí n tó lanu, Ìyá Ṣadé ti kẹ́yìn sílẹ̀kùn pẹ̀lú ọwọ́ níbàdí, ó ní, "Ẹ ní sùúrù, sister! Ẹ ò rí gèlé ni? Ó ku díẹ̀!"

A gbọ́ ìró omi. Chiara jáde, ó tẹ orúnkún bí Tèmítọ́pẹ́ ṣe kọ́ ọ, ó sì na gèlé mi padà sí mi. Egungun ẹja yẹn kúrò lọ́fun mi, mo mọ ìgbà tó kúrò.

Nígbà tiwa, a ò ní ilẹ̀kùn, a ò ní kọ́kọ́rọ́, a ò ní iná, ọmọdé sì ń jìyà lọ́wọ́ ọmọdé bíi tèmi. Ṣùgbọ́n bí àkísà kan bá ti wà lórí òpó, a ti mọ̀ pé èèyàn wà nínú. Lónìí, ilẹ̀kùn wà, òfin wà, wọ́n ya àwòrán ọkùnrin àti obìnrin sára ògiri, wọ́n sì ṣì ń jà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jà á lọ, bóyá wọ́n á rí òpó tiwọn. Èmi ti rí ohun tí mo ń wá. Ọjọ́ Sátidé tó kọjá, Chiara wá sílé wa. Kò tíì jókòó tán tó fi ní, "Nonna, omi." Ife méjì ló mu, ó tún gbé ife sílẹ̀ kí n bu ẹ̀kẹta.