Àgbọ̀nrín Tó Ń Tiro

Títí di òní, bí mo bá rántí fíìmù àwòrán ọmọdé tí ọmọbìnrin mi wò lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, inú ṣì máa ń bí mi. Agbo àgbọ̀nrín ló wà nínú ẹ̀. Ọ̀dá dá, koríko tán, wọ́n ní láti la odò kọjá kí wọ́n tó rí oúnjẹ jẹ. Ìyá àgbà kan wà láàárín wọn tó ń tiro. Olórí wọn ní bí wọ́n bá dúró dè é, gbogbo agbo ló máa ṣègbé, ni wọ́n bá fi í sílẹ̀. Ká ní ó mọ níbẹ̀ ni, ǹ bá má bínú. Ìyá àgbà yìí tún rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí wọ́n máa lọ. Làwọn yòókù bá bẹ̀rẹ̀ orin àti ijó ní òdìkejì odò.

Ẹ̀yìn ọmọ náà ni ìyá mi jókòó sí, wọ́n na ẹsẹ̀ sórí àpótí. Láti ìgbà tí orúnkún wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Ìkòsì, ní apá ìsàlẹ̀ tí odò Ògùn ti máa ń wọlé tọ̀ wá nígbà òjò.

Ọmọ náà yíjú sí mi. Ó ní, “Mọ́mì, tí omi bá tún wọlé, ṣé a máa fi Màmá sílẹ̀ ni?” Bí ẹni tó ń béèrè oúnjẹ alẹ́ ló ṣe béèrè ẹ̀.

Mo pa tẹlifíṣọ̀n. Mo bínú débi pé mò ń dá sọ̀rọ̀. Ta ló jókòó, tó ro irú èyí, tó ní kí ọmọdé wò ó? Àwa ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òkété lásánlàsàn gbọ́n ju gbogbo agbo yẹn lọ! Mo wá sọ fún un pé ní Agboyi, níbi tí ìyá mi ti tọ́ mi, ẹnikẹ́ni kì í jiyàn bí omi bá dé. Àgbàlagbà ló ń kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, aboyún àtọmọ wẹ́wẹ́ a tẹ̀ lé e, ẹrù ló ń gbẹ̀yìn.

Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, ó sì fajú ro.

“Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, tẹlifíṣọ̀n lẹ kọ́kọ́ gbé sínú ọkọ̀. Màmá ṣì wà lórí tábìlì.”

Òótọ́ ni. Ọlọ́kọ̀ ń kánjú, tẹlifíṣọ̀n ṣì jẹ́ tuntun, mo rò pé kíá ni ọlọ́kọ̀ máa padà wá. Kò tètè dé. Nígbà tó fi máa dé, omi ti kan etí ìró ìyá mi. Ìkánjú ni mo ti ń pè é láti ọjọ́ náà, ó sì dùn mí pé ọmọ ọdún méje rántí.

Ìyá mi ló dá a lóhùn.

“Èmi ni mo ní kí ìyá ẹ kọ́kọ́ gbé e. Mo ní mo lè dúró.”

Ọmọ náà mi orí, ọkàn ẹ̀ balẹ̀, ó ní kí n bá òun tan fíìmù òun padà.

Ìyá mi ò sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tí wọ́n ń sọ látorí tábìlì ni pé kí n jọ̀ọ́, kí n má jẹ́ kí ọkọ̀ lọ láìgbé àwọn.