Adìẹ Onírun Màmá Mi

Ìgbà tí mo ṣì kéré, tí mi ò tíì ga tó ìdajì ilẹ̀kùn, ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ aṣọ kan là ń gbé, láàárín Agége sí Ìkẹjà. Ẹ ò lè dá ibẹ̀ mọ̀ mọ́ báyìí. Àgbàlá wa gbòòrò, igi máńgòrò kan wà níbẹ̀. Tí fèrè ilé iṣẹ́ bá ti dún láàárọ̀, gbogbo àdúgbò ló máa jí. Omi tó ń ṣàn jáde lábẹ́ ògiri wọn, lónìí á pupa, lọ́la á di búlúù. Àwa ọmọdé máa ń ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń rẹ aṣọ láró. Bí wọ́n ṣe fọ ọwọ́ tó, èékánná wọn ò mọ́ rí.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, màmá mi bí ọmọbìnrin kan. Ọmọ náà ò pẹ́ láyé. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Ìyá àgbàlagbà kan wà nínú ọgbà wa tó ń ta ẹ̀kọ. Àwọn ló gba òkú ọmọ náà lọ́wọ́ màmá mi, torí màmá mi ò fẹ́ gbé e sílẹ̀. Látìgbà yẹn, màmá mi ò sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ń se oúnjẹ, wọ́n ń fọ aṣọ wa, àmọ́ tá a bá kí wọn, orí ni wọ́n máa mì. Ẹ̀rù ń bà wá. Ó ń ṣe wá bíi pé wọ́n ti ń lọ díẹ̀díẹ̀, a ò sì mọ bá a ṣe máa fà wọ́n padà.

Ará Ṣáínà kan wà nílé iṣẹ́ bàbá mi tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Inú ọgbà iṣẹ́ ló ń gbé, ó sì ń sin adìẹ. Nígbà tó fẹ́ padà sílùú ẹ̀, ó kó àgbébọ̀ kan àti àkùkọ kan fún bàbá mi.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé adìẹ yẹn. Kò ní ìyẹ́ bíi tàwọn adìẹ wa. Irun ló ní, irun funfun bí òwú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n. Tẹ́ ẹ bá ya irun náà, awọ ẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Kò lè fò. Irun orí ẹ̀ bo ojú ẹ̀. Òjò ò sì gbọdọ̀ pa á. Adìẹ tiwa, tí òjò bá pa á, á gbọn ara, ó parí. Èyí, ṣe ni irun ẹ̀ máa mu omi náà, òtútù á sì pa á.

Ẹ wá wo ohun tó ń dọdẹ irú adìẹ bẹ́ẹ̀ ní Agége ìgbà yẹn. Eku ń ti inú gọ́tà wá. Ìjàlọ ń rìn lásìkò òjò. Iná adìẹ, kòkòrò tíntìntín tó ń mu ẹ̀jẹ̀, ń sá pamọ́ sábẹ́ irun ẹ̀. Àwòdì ń yípo lókè láti àárọ̀.

Màmá mi ló gba ìtọ́jú wọn. Kò sẹ́ni tó rán wọn. Wọ́n fọwọ́ júwe fún bàbá mi, bàbá mi sì kan ilé adìẹ onípákó. Wọ́n ki ẹsẹ̀ ilé náà bọ agolo mílíìkì tí wọ́n bu karosíìnì sí, kí ìjàlọ má lè gùn ún. Nítorí iná, màmá mi ń da eérú sílẹ̀ kí àwọn adìẹ náà máa yí ara nínú ẹ̀, wọ́n sì ń tẹ́ ewé tábà gbígbẹ sábẹ́ ẹyin. Tójú ọjọ́ bá ti ṣú, wọ́n á ti sáré kó wọn wọlé.

Kí adìẹ náà lè rí àwòdì, màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú dúdú di irun orí ẹ̀ sókè. Ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n há a sáàárín orúnkún bí ẹni tó ń dirun fún ọmọ. Ìyá ẹlẹ́kọ yọjú.

“Yéè! Ìyàwó, ṣé kòròbà lo fẹ́ dì fún un ni, àbí ṣùkú?”

Màmá mi ò gbójú sókè. “Ṣùkú ni, màmá. Ẹ bá mi di orí ẹ̀ mú, kò jẹ́ n ráyè.”

“Èmi kẹ̀? Kó ya mí lójú? Òpìpì tó lọ yá ẹ̀wù òyìnbó wọ̀!”

Màmá mi bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ, bí mo ṣe gbọ́ ẹ̀rín yẹn, mo sáré lọ sọ fún bàbá mi. Bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Àgbébọ̀ náà sàba, ó sì pa ọmọ púpọ̀. Gbogbo wọn funfun. Màmá mi ń bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ń bá àwa náà sọ̀rọ̀. Ilé tún di ilé.

Àmọ́ nǹkan funfun lórí ilẹ̀ pupa, àwòdì ò lè má rí i. Ó gbé ọ̀kan. Ó tún padà wá gbé òmíràn. Màmá mi bá ń jókòó sábẹ́ máńgòrò láti àárọ̀ dalẹ́, igi lọ́wọ́. Oúnjẹ wọn á tutù sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ní àdúgbò wa, nítorí àwòdì, gbogbo èèyàn ló ń rẹ òròmọdìẹ láró. Wọ́n á po àwọ̀ mọ́ omi, wọ́n á ri ọmọ adìẹ bọ̀ ọ́, á di pupa tàbí elésè àlùkò. Àwòdì tó bá wolẹ̀ ò ní mọ̀ pé adìẹ ni, ẹ̀rù á bà á. Ó sì ń ṣiṣẹ́, mo fojú mi rí i.

Ìyá ẹlẹ́kọ ní, “Ìyàwó, ọkọ ẹ tó ń rẹ aṣọ fún gbogbo Nàìjíríà, ṣé ọmọ adìẹ ni kò wá lè rẹ?”

Bàbá mi bu àwọ̀ elésè àlùkò bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Inú wọn dùn lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ti rí nǹkan tọ́wọ́ wọn mọ̀ ọ́n ṣe tí wọ́n lè fi ran ìyàwó wọn lọ́wọ́.

Màmá mi fúnra wọn ló rì wọ́n bọ̀ ọ́. Òròmọdìẹ tiwa, tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, á gbọn ara, oòrùn á gbẹ ẹ́. Àwọn yìí mu àró náà dé awọ. Òwú ṣáà ni. Bàbá mi tí òwú ń mu àró lójú wọn lójoojúmọ́, wọn ò rò ó. Màmá mi tó ń sá fún òjò nítorí wọn, àwọn náà ò rò ó. Ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe ni, ta ló máa rò ó?

Oòrùn ò ràn lọ́jọ́ yẹn. Màmá mi dáná èédú, wọ́n fi aṣọ nù wọ́n, wọ́n kó wọn mọ́ àyà. Ọmọ adìẹ ń gbọ̀n. Ohùn wọn ń dín kù.

Ìyá ẹlẹ́kọ ní, “Kó wọn fún ìyá wọn, bóyá á mú wọn móoru.”

Adìẹ náà ò kọ̀ wọ́n pẹ̀lú àwọ̀ tó yí padà yẹn. Ó kó gbogbo wọn sábẹ́, ó jókòó lé wọn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ṣì jókòó lé wọn, ìkankan ò ké. Kò fẹ́ dìde. Màmá mi ló ki ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀, tí wọ́n ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ wọn, àyà wọn, gbogbo ẹ̀ ló ti di elésè àlùkò.

Fèrè ilé iṣẹ́ dún. Bàbá mi ò lọ. “Má bínú,” ni wọ́n ń sọ lẹ́nu ọ̀nà. “Jọ̀ọ́, má bínú sí mi.” Màmá mi ò dá wọn lóhùn.

Wọn ò dirun fún adìẹ náà mọ́. Irun yẹn wálẹ̀, ó bo ojú ẹ̀. Ọ̀sán gangan ni àwòdì bà lé e. Kò tiẹ̀ sá. Ó wúwo jù fún àwòdì náà láti gbé, ibẹ̀ ló ti pa á. Màmá mi jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń wò ó, wọn ò mira.

Wọ́n pẹ́ láyé lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n tún sọ̀rọ̀: “Ẹ jẹun.” “Ẹ ti ilẹ̀kùn.” Àmọ́ mi ò gbọ́ ẹ̀rín wọn mọ́ títí tí wọ́n fi kú.

Ayé ti yí. Ilé iṣẹ́ yẹn ti kógbá sílé, sìmẹ́ńtì ti bo gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀. Mi ò rántí ìgbà tí mo rí àwòdì kẹ́yìn. Ẹ ti fi adìẹ onírun hàn mí lórí fóònù, ẹ ní àwọn ọ̀dọ́ ń tà á ní Ìkẹjà, pé wọ́n ń sìn ín lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Nẹ́ẹ̀tì onírin wà, abẹ́rẹ́ wà, pàúdà wà fún iná, gílóòbù tó ń móoru wà fún ọmọ ẹ̀ tí òtútù bá mú. Gílóòbù lásán. Ẹ ní ṣé kẹ́ ẹ rà á fún mi. Ẹ má rà á. Gbogbo ohun tó lè gbà wọ́n là ti wà nígboro báyìí. Ẹni tá à bá torí ẹ̀ gbà wọ́n là ni kò sí.