Ọ̀rọ̀ Inú Àkámọ́

Ogún ọdún gbáko ni Enid Sugden fi gbé àwo tíì nínú eré ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ackenshaw. Bí eré bá jẹ́ ti olówó, Enid ni ọmọ ọ̀dọ̀. Bó jẹ́ ti ọba, òun náà ni. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Illingworth, oníṣọ́ọ̀bù bàtà tó ń darí eré, wá ní kó ṣe Ìyá Ọlọ́lá, obìnrin ọlọ́rọ̀ inú eré, lọ́dún yìí, ẹ̀rù bà á ju bí inú rẹ̀ ṣe dùn lọ.

Gbólóhùn kan ló ń dà á láàmú. Ìyá Ọlọ́lá máa rí tálákà kan lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ta ló jẹ́ kí ẹni yìí wọlé?" Nínú ìwé eré, wọ́n kọ bó ṣe máa sọ ọ́ sínú àkámọ́ ṣáájú rẹ̀: tìgbéraga-tìgbéraga. Ní ojú ìwé kejì, tẹ̀gàn-tẹ̀gàn ni. Ní ìkẹta, tìfojúdi-tìfojúdi. Àwọn tó ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní London, iṣẹ́ ló wọ́n wọn. Ìgbéraga kan ṣoṣo, wọ́n dá aṣọ mẹ́wàá fún un!

Enid sì máa ń sọ pé, "Ta ló jẹ́ kí ẹni yìí wọlé, ọ̀wọ́n?"

Ẹ má dá a lẹ́bi. Ní Ackenshaw, alápatà á pè ọ́ ní ọ̀wọ́n, olùgbowó bọ́ọ̀sì á pè ọ́ bẹ́ẹ̀, ọlọ́pàá tó wá mú ọ pàápàá á ní, "Ó yá, ọ̀wọ́n, jẹ́ ká lọ." Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀, wọ́n á ní ìgbéraga ti gbé imú rẹ̀ lọ sókè, kò sì sí àrùn tó burú jùyẹn lọ níbẹ̀.

"Títí di Ọjọ́bọ̀ ni mo fún ẹ," ni Illingworth wí. "Bí ọ̀wọ́n yẹn bá tún yọ, ìyàwó máníjà báǹkì ló máa ṣe é. Wàá padà sídìí àwo tíì."

"Mo ti gbọ́, ọ̀wọ́n," ni Enid dáhùn.

Láti ìgbà náà ló ti ń fi ìgbéraga dánra wò. Ní kíṣìnì ilé ìwé tó ti ń se oúnjẹ, ó ń yínmú sí pòtétò bó ṣe ń bó o. Ivy Holroyd, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà nídìí ìkòkò fún ọdún mẹ́rìnlá, rẹ́rìn-ín títí.

"Kí ni pòtétò yẹn fi ṣẹ̀ ẹ́, ọ̀wọ́n?"

"Ivy, fi mí sílẹ̀ jàre, ọ̀wọ́n. Ayé mi ni mò ń gbìyànjú láti tún ṣe."

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Enid gbàgbé awò ojú rẹ̀ sí kíṣìnì, ó sì lọ sí ìdánrawò eré ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì láìní in. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti sọ gbólóhùn náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀wọ́n yọ. Illingworth ti ń juwọ́ sí ìyàwó máníjà. Àfi gbàà, ilẹ̀kùn ṣí. Ivy ló sáré wọlé, òjò ti pa á, ẹrẹ̀ kún bàtà rẹ̀, awò ojú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbẹ̀rù Enid di ìbínú. Ó wo Ivy láti orí bàtà dé orí gèlè.

"Ta ló jẹ́ kí ẹni yìí wọlé?"

Ọ̀wọ́n kò yọ. Illingworth pàtẹ́wọ́. Ivy rọra gbé awò ojú sórí àga.

"Ẹ má bínú, Ìyáàfin Sugden."

Láti ọjọ́ kejì, Ivy kò pè é ní ọ̀wọ́n mọ́ ní kíṣìnì; Ìyáàfin ló kù. "Ẹ gba ọ̀bẹ, Ìyáàfin." "Ẹ kúrò lójú iná, Ìyáàfin."

"Eré mà ni, Ivy, ọ̀wọ́n!"

"Mo mọ̀. Ẹ ṣe é dáadáa, Ìyáàfin."

Ó dun Enid wọ egungun. Ó ti rí ipò tó ń wá, kò sì rí ẹni tó máa bá a yọ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé tí eré wáyé, èrò kún gbọ̀ngàn. Ivy jókòó ní ìlà kẹta, ó ká ọwọ́ lé àyà. Tálákà wọlé. Enid la ẹnu. Ohùn ìgbéraga náà ti wà níbẹ̀, ó ti mọ̀ ọ́n sọ wàyí, ìyẹn gan-an ló sì ń bà á lẹ́rù. Ó wo ìlà kẹta.

"Ta ló jẹ́ kí ẹni yìí wọlé..." Ó rẹ́rìn-ín sí Ivy. "...ọ̀wọ́n?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Illingworth fi aṣọ ìkélé bojú. Ní ìlà kẹta, Ivy dìde dúró, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Èmi ni, ọ̀wọ́n!"