Káńsẹ́lọ̀ Adéníjì àti Iyanrìn Ilẹ̀ Àánú

Joel Ọlábọ̀dé Adéníjì ni orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, ọmọ bíbí Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé oṣù méje ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kìn-ín-ní ọdún 2006, tí ó bọ́ bàtà rẹ̀ ní àdúgbò Wedding, ní ìlú Berlin, tí ó sì fi ẹsẹ̀ lásán dúró ní etí títì tó dì. Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà kò tíì dẹ́kun sísọ ọ́. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ gan-an ló ń sọ ọ́ jù.

Lẹ́tà kan ló fa gbogbo rẹ̀. Tinúkẹ́ onídìrí ni wọ́n kọ lẹ́tà náà sí. Òun ló gba ìsàlẹ̀ ilé kan ní Wedding. Ó fi yàrá iwájú ṣe ṣọ́ọ̀bù irun, ó sì fi gbọ̀ngán ẹ̀yìn sílẹ̀ fún ìjọ Aládùúrà tí òun náà ń lọ. Orúkọ tirẹ̀ nìkan ló wà nínú ìwé àdéhùn, àdéhùn náà sì sọ pé ọrùn rẹ̀ ni yìnyín iwájú ilé wà: kí ó kó o kúrò, kí ó sì da ohun tí ẹsẹ̀ kò fi ní í yọ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi, iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti parí kí agogo mẹ́sàn-án tó lù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Herr Brandt, onílé, tó ń gbé lókè wọn, ti bá yìnyín níbẹ̀ lẹ́yìn àkókò. Ó kọ̀wé pé bí òun bá tún bá a lẹ́ẹ̀kẹta, kí Tinúkẹ́ kó irun rẹ̀ àti ìjọ rẹ̀ jáde.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, òjò ti rọ̀ mọ́jú, ó sì ti dì mọ́lẹ̀ bí gíláàsì. Tinúkẹ́ di ògiri mú láti ibùdókọ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà ìjọ. Adéníjì ti wà níbẹ̀, nítorí gbogbo ọjọ́ Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù ni ó máa ń wọkọ̀ ojú irin wá láti Hamburg, tí yóò sì sùn sórí àga ìjọ. Tinúkẹ́ ṣí garawa tí wọ́n ń kó òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń dà sórí yìnyín sí. Ó ṣófo.

“Bàbá Káńsẹ́lọ̀, mo gbé! Kò ku ẹyọ kan! Ṣọ́ọ̀bù wo ni mo fẹ́ rí rà á lónìí Sunday?”

“Fara balẹ̀. Aago mélòó ló lù?”

“Mẹ́jọ ti kọjá ogún ìṣẹ́jú, sà.”

“Ogójì ìṣẹ́jú ṣì wà nílẹ̀,” ni Adéníjì wí. “Ìjọba mìíràn kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.”

Ọ̀ṣẹ́nì, tó ń ta oúnjẹ ilé ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wọn, tó sì ń sùn ní ẹ̀yìn rẹ̀, gbọ́ igbe Tinúkẹ́. Ó jáde pẹ̀lú àpò iyọ̀ kan odidi lórí èjìká.

“Iyọ̀ rè é. Ẹ jẹ́ ká dà á sílẹ̀ kíákíá, kí n padà sórí ibùsùn mi.”

“Ọ̀ṣẹ́nì, gbé e padà. Òfin kò gba aráàlú láyè láti da iyọ̀ sójú ọ̀nà. Ó ń pa igi.”

“Igi kẹ̀? Wọ́n fẹ́ lé obìnrin yìí síta, igi lẹ̀ ń rò!”

“Èmi káńsẹ́lọ̀ kò ní í dúró ní gbangba kí n máa rú òfin ìlú.”

“Ìlú wo? Ṣebí Hamburg lẹ̀ ń gbé!”

“Òfin Hamburg náà kò gbà á.”

Bẹ́ẹ̀ ni ó gbé ṣọ́bìrì, ó sì gba ọgbà ẹ̀yìn lọ, Tinúkẹ́ tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni Ilẹ̀ Àánú wà: àyè kan tí wọ́n fi pákó yí ká, tí wọ́n da iyanrìn kún, níbi tí àwọn ọmọ ìjọ máa ń dọ̀bálẹ̀ gbàdúrà. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi bàtà tẹ iyanrìn náà. Láti etíkun Èkó ni Wòlíì Ọlọ́runfẹ́mi ti kó o wá nínú àpótí méjì ní ọdún 1999. Gàrí àti èlùbọ́ rẹ̀ ló fi sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú kí ẹrù má baà wúwo jù. Nígbà tí aṣọ́bodè Jámánì ní kí ó ṣí àpótí, tí ó bi í pé kí ni èyí, Wòlíì dáhùn pé iyanrìn ni. Ọkùnrin náà wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó pa àpótí dé, ó sì rọra béèrè bóyá mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan ń bọ̀ wá pàdé rẹ̀.

Adéníjì ká tapólì kúrò lórí iyanrìn náà. Ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣọ́bìrì bù ú sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù. Tinúkẹ́ na ọwọ́ láti gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó rántí lẹ́tà onílé, ó di etí kẹ̀kẹ́ náà mú, ó sì bá a tì í. Kí ó tó di aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, iyanrìn Èkó ti tẹ́ rẹrẹ láti ẹnu ọ̀nà Ọ̀ṣẹ́nì títí dé igun títì.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bàtà yín. Òtútù máa gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín dànù!”

“Ṣé o kò rí ibi tí mo dúró sí ni?” ni Adéníjì dáhùn. “Ilẹ̀ mímọ́ ni.”

Àsìkò náà ni Wòlíì Ọlọ́runfẹ́mi yọ láti ibùdókọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ U6, ọmọ ìjọ mẹ́tàlélógún sì tò tẹ̀ lé e nínú aṣọ funfun. Wòlíì dé igun títì, ó wolẹ̀, ó sì dúró gbagidi. Kò sí ibi tó ti lè rí àwọ̀ iyanrìn náà tí kò ní í dá a mọ̀.

“Adéníjì! Iyanrìn ta nìyí?”

“Tiwa ni, Wòlíì. Ẹ bọ́ bàtà yín.”

“Nínú òtútù yìí?”

“Èmi kọ́ ni mo ṣòfin Ilẹ̀ Àánú. Ẹ̀yin lẹ ṣe é.”

Wòlíì wo ojú ọ̀run, kò rí ìrànlọ́wọ́. Ó bọ́ bàtà. Gbogbo ìjọ bọ́ tiwọn. Ní aago mẹ́sàn-án géérégé, Herr Brandt ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú ìwé àti kálàmù láti kọ ẹ̀ṣẹ̀ kẹta sílẹ̀, ó sì bá ènìyàn mẹ́rìnlélógún nínú aṣọ funfun, bàtà wọn lọ́wọ́, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́ lórí ọ̀nà tí eku kò lè yọ̀ lórí rẹ̀. Ó rìn ín lọ, ó rìn ín bọ̀. Ó béèrè ní èdè Jámánì pé ta ló ṣe iṣẹ́ yìí. Adéníjì na ọwọ́ sí i, ó ní, “Stadtrat Adéníjì,” èyí tí í ṣe káńsẹ́lọ̀ ní èdè wọn. Herr Brandt wo ojú rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ya ìwé ọwọ́ rẹ̀ sí méjì, ó sì sáré lọ sókè lọ mú ìbọ̀sẹ̀ wá.

Irọ́ kọ́ ni oyè náà. Wọ́n dìbò yan Adéníjì sí ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ nílé, ó sì wà níbẹ̀ títí àwọn ológun fi tú gbogbo ìgbìmọ̀ ká ní ọdún 1993. Gbogbo káńsẹ́lọ̀ yòókù gbà pé ipò ti bọ́. Adéníjì ní òun kò rí lẹ́tà ìyọnípò.

Oyè náà ni ó gbé dé Hamburg. Ó ń gbé òkè kẹsàn-án ilé gogoro kan ní Steilshoop, ó sì ń bá àwọn tó ń gbá ìgboro ṣiṣẹ́ ní Altona. Kì í wọ ìbọ̀wọ́ rárá, bí ó ti wù kí òtútù mú tó, nítorí kò fẹ́ kí olùdìbò na ọwọ́ kí ó bá awọ nínú rẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi tó bá kẹ́yìn oṣù kẹwàá ni ó máa ń ka Ìròyìn Ìgbà Òtútù fún ìjọ ní Wedding. Ó mọ̀ọ́mọ̀ yan ọjọ́ náà ni. Ọjọ́ yẹn ni àwọn ará Jámánì máa ń dá agogo padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, òun sì ni ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún tí gbogbo ọmọ ìjọ máa ń dé lásìkò.

“Ẹ̀yin ará wọ́ọ̀dù mi,” bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀, “mo mú ìròyìn ayọ̀ wá. Ní ti ọkọ̀ tó ń gbá yìnyín, a ti ṣe tán. Ní ti pàǹtírí, ọjọ́ tí wọ́n ń kó o yóò yí padà lọ́sẹ̀ Kérésì, kí ẹ má lọ sọ pé ẹ kò gbọ́. Ní ti ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, mo ti bá àwọn tó yẹ sọ̀rọ̀.”

Mùsùlùmí ni Ọ̀ṣẹ́nì, ṣùgbọ́n kò pa Ìròyìn náà jẹ rí. Àga ẹ̀yìn ni tirẹ̀.

“Ta lẹ bá sọ̀rọ̀?”

“Àwọn tó yẹ.”

“Ẹ dárúkọ ẹnì kan.”

“Ọ̀ṣẹ́nì, gba ọ̀dọ̀ alága béèrè ìbéèrè rẹ.”

“Ta wá ni alága?”

“Èmi ni. Mo sì ti fagi lé ìbéèrè náà.”

Kì í ṣe ẹnu lásán ni ó fi ń ṣe é. Ní ọdún kan, Tinúkẹ́ lọ kí àbúrò rẹ̀, Roseline, ní Steilshoop, ó sì bá Káńsẹ́lọ̀ nínú yàrá ìdáná, tí ó ń ṣí fèrèsé. Èbu dúdú ti hù sára ògiri Roseline, nítorí pé láti oṣù kẹwàá ló ti ti gbogbo ihò ilé pa, tó sì ń dín dòdò nínú rẹ̀.

“Bàbá, ẹ dákun! Owó ni mo fi ń ra ooru yìí o! Ṣé kí n wá máa fi mú gbogbo Hamburg lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni?”

“Ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́.”

Shalom, ọmọbìnrin Roseline, gbé orí sókè nínú ìwé rẹ̀. “Mama, er hat recht.”

“Ta ló bi ọ́ bóyá ó tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà? Lọ wọ súwẹ́tà rẹ!”

Kí ọdún tó parí, ògiri ti gbẹ. Roseline ní àdúrà ló ṣiṣẹ́. Adéníjì ní òun gbà bẹ́ẹ̀, bí fèrèsé bá ṣáà ti ṣí sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gba àdúrà náà.

Wòlíì kò tètè dárí iyanrìn jì í. Níwájú gbogbo àgbà ìjọ, ó ní àfi kí gbogbo rẹ̀ padà sípò, àti èyí tó wọ abẹ́ bàtà onílé. Adéníjì kò jiyàn. Ó ní òfin ìlú pàápàá sọ pé ẹni tó bá da nǹkan sórí yìnyín ni yóò gbá a nígbà tó bá yọ́. Ní oṣù kẹta, ó wá láti Hamburg pẹ̀lú ìgbálẹ̀, ó sì gbá títì náà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí wọ́n dà á padà sínú Ilẹ̀ Àánú, ó kún, ó sì tún ṣẹ́ kù garawa méjì. Wòlíì kéde pé iṣẹ́ ìyanu ni. Tinúkẹ́ rí òkúta wẹ́wẹ́ aládùúgbò nínú rẹ̀, ó sì pa ẹnu mọ́.

Láti ìgbà náà ni Adéníjì ti to orúkọ àwọn ọmọ ìjọ sórí ìwé, ẹni kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ tirẹ̀ níwájú yìnyín, ó sì máa ń fóònù wọn láti Hamburg ní aago márùn-ún àárọ̀. Herr Brandt kò tún rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan kọ. Ṣùgbọ́n òpin ọdún 2008 ni àdéhùn Tinúkẹ́ yóò parí, onílé sì ti sọ fún un pé àwọn kan fẹ́ fi ibẹ̀ ta kọfí, owó wọn sì pọ̀. Ọdún kọkànlá rẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Kò mọ ibòmíràn tó lè gbé orí àwọn oníbàárà rẹ̀ sí.

Ní ọjọ́ Ìròyìn ọdún náà, Herr Brandt sọ̀kalẹ̀ láti òkè, ó sì jókòó ti Ọ̀ṣẹ́nì. Adéníjì ti rù, ikọ́ sì ń já ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, àmọ́ kò fo ìlà kan. Onílé kò gbọ́ Yorùbá. Ohun tó ń dé etí rẹ̀ kò ju àwọn ọ̀rọ̀ Jámánì inú rẹ̀ lọ: Winterdienst, iṣẹ́ yìnyín; Hausflur, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé; Mülltonne, garawa pàǹtírí. Síbẹ̀, ó ń mi orí sí gbogbo rẹ̀ títí Ìròyìn fi parí.

Ó bá Tinúkẹ́ ní ẹnu ọ̀nà. Ó ní òun yóò fún un ní ọdún mẹ́wàá sí i, bí wọ́n bá lè kọ orúkọ ọkùnrin yẹn sínú àdéhùn gẹ́gẹ́ bí alábòójútó yìnyín.

“Ṣùgbọ́n Hamburg ni wọ́n ń gbé, Herr Brandt,” ni Tinúkẹ́ wí, nítorí kò fẹ́ fi irọ́ gba ilé.

“Mo mọ̀,” ni onílé dáhùn. “Ó máa ń tètè dé ju àwọn tó ń gbé Berlin lọ.”

Tinúkẹ́ fi orúkọ náà han Adéníjì nínú ìwé. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó yọ kálàmù, ó fi àmì sí orí àti ìsàlẹ̀ àwọn lẹ́tà orúkọ rẹ̀ níbi tí akọ̀wé Jámánì ti gbàgbé wọn, ó wá fọwọ́ sí i. “Wọ́n ti tún mi yàn,” ni ó wí, kò sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìròyìn dé láti Hamburg nínú oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, Tinúkẹ́ jókòó sórí àga oníbàárà, ó sì fóònù onílé pé ó di dandan kí àwọn yí orúkọ kan padà nínú àdéhùn. Herr Brandt ní kò sí ohun tó ń lé àwọn. Kí orúkọ náà wà níbẹ̀ títí ọdún mẹ́wàá yóò fi pé. Tinúkẹ́ gbójú sókè wo ìta. Yìnyín ti rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò sì fóònù ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n Wòlíì Ọlọ́runfẹ́mi wà níbẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì, Ọ̀ṣẹ́nì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀, wọ́n sì ń jiyàn kíkankíkan lórí ibi tí ó yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Joel Ọlábọ̀dé Adéníjì, káńsẹ́lọ̀, kú ní ilé ìwòsàn kan ní Hamburg ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá oṣù kejì ọdún 2009, ní ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta.